Ọ̀nà tó jìn ló ń jẹ ọkọ̀ epo

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí títì wa. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Adó lọ sí Àkúrẹ́ lásìkò tí títì Ìkẹ́rẹ́ bàjẹ́ á rántí pé ọ̀pọ̀ dírẹ́bà máa ń yà sí ọ̀nà Ìlawẹ̀, wọ́n á gba Ìgbàrà-Odò já sí Ìgbàrà-Òkè kí wọ́n tó dé Àkúrẹ́. Mọ́tò tó wà ní gáréèjì ò dín, èrò ò pọ̀ sí i, àmọ́ dírẹ́bà tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ wá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, èrò to kalẹ̀, owó mọ́tò sì gbówó lórí. Bí ọjà ọkọ̀ tó ń gbé epo rọ̀bì lójú òkun ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Aráyé ń lo epo tó ju 100 mílíọ̀nù àgbá lọ lóòjọ́, iye yẹn náà ni gbogbo èèyàn máa ń wò, pé ṣé ó lọ sókè ni àbí ó wálẹ̀. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ máa ń béèrè pé báwo ni ibi tó ń lọ ṣe jìn tó. Ẹ wo ti Rọ́ṣíà. Láti December 5, 2022 ni Yúróòpù ti ní àwọn ò ra epo rọ̀bì wọn tó bá gba ojú omi wá mọ́. Epo tó jẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń dé Rotterdam, èbúté ńlá kan ní Netherlands, tẹ́lẹ̀ wá ń lọ sí Íńdíà àti Ṣáínà, ó ń lò tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú omi, Yúróòpù náà wá lọ ń ra tiwọn láti Amẹ́ríkà àti ọ̀dọ̀ wa níbí. Epo ò pọ̀ sí i o, ọ̀nà ló gùn. Ká tó mí, November 2023, àwọn Houthi, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun kan ní Yemen, bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn sí ọkọ̀ lórí Òkun Pupa, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bá sá gba ìsàlẹ̀ South Africa. Láti Saudi dé Rotterdam, tí wọ́n bá gba Suez, ìyẹn ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ ní Íjíbítì, bí 6,500 máìlì òkun ni, àmọ́ tí wọ́n bá yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká ó ju 11,000 lọ.

Ẹni tó ní ọkọ̀ ò sì lè sáré lọ ra òmíràn bí ẹni ra ọ̀kadà, torí ó máa ń gba bí ọdún méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó kan tuntun ní Korea tàbí Ṣáínà.

Ọkọ̀ tó dúró sójú kan náà ò yàtọ̀ sí èyí tó lọ jìnnà. Iṣẹ́ tèmi ni wíwọn epo inú ọkọ̀. Mo máa ń ju téèpù tó ní idẹ lẹ́nu sínú tánkì, màá ti fi ọ̀dà kan pa idẹ yẹn, ibi tí omi bá wà lábẹ́ epo, ọ̀dà á yí di pupa, mo máa wá mọ èyí tó jẹ́ omi àti èyí tó jẹ́ epo gidi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣe é ni ọ̀gá ọkọ̀ máa ń dúró tì mí tó ń wo aago, torí wákàtí 72 ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó háyà ọkọ̀ láti fi kó ẹrù àti láti fi já a, tó bá ti kọjá ẹ̀, owó ìdádúró ti ń kà nìyẹn.

Èyí tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni ti 2020. Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, kò sẹ́ni tó ń lo epo, ní April 20 epo Amẹ́ríkà bọ́ sábẹ́ òdo, àgbá kan di ẹni tó ní in ló ń san 37.63 dọ́là fún ẹni tó máa bá a gbé e. Síbẹ̀ oṣù yẹn náà ni ọkọ̀ ńlá kan ń pa ju 200,000 dọ́là lọ lóòjọ́. Bí ìgbà tí iṣu pọ̀ lọ́jà tí kò ríbi kó sí ni, tí oníṣu wá ń háyà pikọ́ọ̀pù kó lè ríbi tọ́jú ẹ̀ sí.

Ìyá kan tó ń lọ ata l'Ọ́jà Ọba bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ òkun yẹn ló sọ bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n?" Mo ní, Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ọkọ̀ tó tóbi gan-an máa ń gbé bí 2 mílíọ̀nù àgbá, àgbá kan sì jẹ́ lítà 159. Ká ní wọ́n gba 4 mílíọ̀nù dọ́là, 2 dọ́là ló bọ́ sórí àgbá kan, lórí lítà kan kò ju sẹ́ǹtì kan àti díẹ̀ lọ. Sẹ́ǹtì yẹn kéré, àmọ́ tí náírà bá ti já wálẹ̀, kò kéré mọ́, láti ìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní 2023, orí pọ́ńbù ló ń bọ́ sí tààrà, owó tánkà tó ń gbé e láti Èkó wá s'Ádó ṣì wà lórí ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti ilé ìfọpo Dangote ní Lekki, tó lè fọ 650,000 àgbá lóòjọ́. Epo tó bá ti Bonny wá ò lò ju ọjọ́ kan sí méjì lójú omi kó tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ti ń ra lára epo tí wọ́n ń fọ̀ láti Amẹ́ríkà, tó ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gúnlẹ̀, a sì ń san owó gbogbo ọ̀nà yẹn.