Kí ni Amẹ́ríkà ń pè ní "antique firearm", ṣé mo lè yin àgbá lẹ́yìnkùlé mi?

Ẹ ó ti rí wọn nínú fídíò rí, àwọn òyìnbó tó wọṣọ sójà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, wọ́n á to àgbá sórí pápá, gbòòm! èéfín funfun á bo gbogbo ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbá yẹn kì í ṣe tìjọba o, ẹni tó ni ín ló so ó mọ́ mọ́tò wá látilé.

Irú àgbá bẹ́ẹ̀ lòfin wọn kà sí "antique firearm", ìyẹn ìbọn àtijọ́. "Antique" yẹn ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, wọ́n rò pé ó gbọ́dọ̀ ti gbó. Òótọ́ ni pé èyí tí wọ́n ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú ẹ̀ wọlé, àmọ́ àdàkọ ẹ̀ tí wọ́n rọ lọ́dún tó kọjá náà wọlé, tó bá ṣáà jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù dúdú bọ inú ẹ̀, tí kì í lo kátíríìjì òde òní. Ṣakabùlà bàbá ọdẹ náà ni, ó kàn sanra ni.

Torí ẹ̀ ni ATF, àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ ìbọn níjọba àpapọ̀, ò fi ní bi yín ní láísẹ́ǹsì lórí ẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tí ilé iṣẹ́ ṣe gan-an, ẹ lè ra tó páùn 50 fún irú eré yìí láìgbàwé lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ rọ ẹ̀tù sínú ọta tẹ́ ẹ fẹ́ yìn kó lè bú gbàmù níbi tó bá balẹ̀, ọta ọ̀hún ti di "destructive device", ìyẹn ohun ìjà apanirun, nìyẹn, ẹ máa forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ sì máa san owó orí $200 kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Àdúgbò ni pámíìtì gangan wà. Ìpínlẹ̀ míì lófin tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ò gbà kéèyàn yin ohunkóhun láàárín ìgboro, ibòmíì ọ̀dọ̀ panápaná lẹ ti máa gbàwé, ká má tíì sọ ti òfin ariwo. Ẹ má bínú sí panápaná jàre. Téèyàn bá yìn ín tán, ẹ̀ṣẹ́ná lè ṣẹ́kù sínú ẹ̀, tí wọ́n bá da ẹ̀tù tuntun lé e, á gbiná nígbà tọ́wọ́ ẹni tó ń kì í ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń fi aṣọ tútù orí ọ̀pá nu inú ẹ̀ nìyẹn kí wọ́n tó tún un kì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ má fi ti Amẹ́ríkà ṣe tiyín o. Lọ́dọ̀ yín, àdàkọ kì í jẹ́ antique, ojúlówó gan-an, tẹ́ ẹ bá gbé e sí pálọ̀ fún ọ̀ṣọ́ ni wọn ò ní bi yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ yìn ín, ìwé àṣẹ ọlọ́pàá fún àgbá lọ́tọ̀, ti ẹ̀tù lọ́tọ̀.