Kí Ló Ń Jí Sẹ́ẹ̀lì T Tó Ń Ṣọ́ Ara Wa?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò wa fún ẹ̀gbọ́n wa ní kídìnrín kan, iṣẹ́ abẹ náà sì yọrí sí rere. Kí ló wá dé tí dókítà fi ní ẹ̀gbọ́n wa ò gbọdọ̀ pa òògùn rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, títí ayé?

Ẹ kú oríire iṣẹ́ abẹ náà. Bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, àlejò ni kídìnrín yẹn lójú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ẹ̀gbọ́n yín, àyàfi bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ni Ronald Herrick àti Richard ní Boston lọ́dún 1954. Ìdí nìyẹn tí ara Richard fi gba kídìnrín Ronald láìsí òògùn tí à ń sọ yìí. Olórí nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ni sẹ́ẹ̀lì T. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń bí i, ó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ nínú thymus lẹ́yìn eegun àyà, ibẹ̀ ló ti gba lẹ́tà T orúkọ rẹ̀. Ohun tí òògùn náà ń ṣe ni pé ó ń dínà ìròyìn tó fẹ́ ti ara sẹ́ẹ̀lì T wọ inú rẹ̀.

Báwo ni ìròyìn náà ṣe ń wọlé?

Ẹ rántí kókó tó máa ń wú lábẹ́ àgbọ̀n ọmọdé tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á máa yọ̀ lábẹ́ ìka bíi kóró iṣin. Nínú irú kókó bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní dendritic máa ń gbé èérún kòkòrò tó ti gé wẹ́wẹ́ dání, tí á máa fi han àwọn sẹ́ẹ̀lì T. Sẹ́ẹ̀lì T kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tirẹ̀ tó lè dá mọ̀.

Bó bá ti fọwọ́ ba èyí tó mọ̀, ẹ́ńsáìmù kan, Lck, á lẹ fọ́sífétì mọ́ ìrù CD3, ìyẹn àwọn purotéènì tó so mọ́ ọwọ́ tí sẹ́ẹ̀lì T fi bà á. Fọ́sífétì yẹn ni ZAP-70, ẹ́ńsáìmù mìíràn, rí tó fi wá bà síbẹ̀. ZAP-70 á tún lẹ òmíràn mọ́ purotéènì kan tó ń jẹ́ LAT, LAT á sì di ojúde tí àwọn yòókù ń pé jọ sí. Ọ̀kan nínú wọn á la ọ̀rá kan lára awọ sẹ́ẹ̀lì sí méjì. Apá kan, IP3, á lọ ṣílẹ̀kùn ibi tí kálísíọ̀mù wà ní ìpamọ́. Bí ìyẹn bá ti ń gbẹ, ojú ọ̀nà ara awọ á ṣí, kálísíọ̀mù á ya wọlé láti ìta. Kálísíọ̀mù ló ń jí calcineurin, tí òun náà jẹ́ ẹ́ńsáìmù. Calcineurin á bọ́ fọ́sífétì kúrò lára NFAT, purotéènì tó ń tan jíìnì, NFAT á sì ráyè wọ iyàrá tí DNA wà. Apá kejì ọ̀rá náà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ jí AP-1, tí òun náà ń tan jíìnì. Àwọn méjèèjì á jọ jókòó lórí jíìnì IL-2, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́, IL-2 yìí ló sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì T kan di ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ.

Calcineurin yẹn gan-an ni cyclosporin àti tacrolimus, òògùn tí wọ́n sábà ń fún ẹni tó gba kídìnrín, ń dí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín bá pa á jẹ, calcineurin á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dán an wò.

Ṣé ọwọ́ tó bà á yẹn nìkan ti tó láti jí i?

Rárá o. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Purotéènì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì T, CD28, gbọ́dọ̀ di òmíràn, B7, mú lára dendritic, B7 kì í sì í pọ̀ níbẹ̀ àfi tí dendritic bá ti fura sí ewu. Bí ọwọ́ àkọ́kọ́ bá dé láìsí ìkejì, ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì T máa ń kú sára, kò ní dáhùn mọ́. Èyí wà lára ohun tó ń gba ẹran ara wa lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tiwa fúnra wa.

Ní London, ní oṣù kẹta ọdún 2006, wọ́n fún ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn le ní òògùn tí wọ́n ń dán wò, TGN1412. Ó ń ti CD28 láìdúró de ọwọ́ àkọ́kọ́. Kí wákàtí méjì tó pé, orí ti ń fọ́ wọn, ibà ti dé. Nígbà tó yá, kídìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró wọn dẹnu kọlẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, gbogbo wọn yè é.

Tó bá jí tán, ta ló ń dá a dúró?

Ó ní ìjánu tirẹ̀. Purotéènì mìíràn lára sẹ́ẹ̀lì T, CTLA-4, á jáde, á gba B7 mọ́ CD28 lọ́wọ́, torí ó dì í mú ju CD28 lọ. PD-1 tún wà, jẹjẹrẹ sì mọ̀ ọ́n lò: ó máa ń tẹ ìjánu yẹn kí ẹ̀ṣọ́ má baà kọlù ú. James Allison àti Tasuku Honjo gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2018 nítorí iṣẹ́ wọn lórí ìjánu méjèèjì. Òògùn tó ń tú PD-1 wà lára ìtọ́jú tí wọ́n fún Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, nígbà tí jẹjẹrẹ awọ ara dé ọpọlọ rẹ̀ lọ́dún 2015. Ó lo ọdún mẹ́sàn-án sí i, ó pé ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó lọ.

Tí ẹni tó gba kídìnrín bá wá ní jẹjẹrẹ ńkọ́?

Ìpinnu tó le jù nìyẹn fún dókítà àti ẹbí. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n tú ìjánu rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ lè yíjú sí kídìnrín náà, nítorí sẹ́ẹ̀lì T kan náà ni.