Bí A De Irin Ní Ìpẹ̀kun Méjèèjì, Ooru Kò Fi Í Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tí wọ́n bá ti fi bóòtì ńlá de irin mọ́ ògiri ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tàbí tí wẹ́dà ti jó o mọ́ ibi tó wà dáadáa, ọ̀rọ̀ ooru ti parí nìyẹn. Wọ́n á ní irin ò ráyè gùn mọ́, kí ló tún kù? Bí ọkàn wọn ò bá sì tíì balẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n lo irin tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò méjèèjì ò tọ̀nà, èkejì ló sì léwu jù.

Ká mú ọ̀pá irin kan tó gùn ní mítà 10. Bí oòrùn bá pa á títí tó fi dígírì Celsius 40 gbóná ju bó ṣe wà ní ìdájí lọ, tí ohunkóhun ò sì dí i lọ́wọ́, yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 5 gùn sí i. Ìyẹn ò ni ín lára rárá. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìdájí la ti dè é pinpin, mìlímítà 5 yẹn ò ríbi lọ. Ògiri méjèèjì ló máa tì í padà, irin náà á sì máa ti àwọn náà. Bí ọ̀pá ọ̀hún bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2, tí a sì há a mọ́ tí kò fi lè tẹ̀, agbára tó máa fi ti ògiri kọ̀ọ̀kan tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 10, díẹ̀ ló fi dín. Ojú lásán ò sì ní rí nǹkan kan. Irin tí kò mira yẹn gan-an ni ìnira wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Agbára yẹn á di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20, nítorí pé irin tó fẹ́ gùn ti pọ̀ sí i. Ìfúnpọ̀ inú irin fúnra rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń tẹ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lójú irin náà, ò sì fi ohunkóhun dín kù. Lóòótọ́, irin tó nípọn kì í tètè tẹ̀. Ṣùgbọ́n títẹ̀ tí kò tẹ̀ yẹn, bóòtì àti ògiri ló ń jìyà rẹ̀. Bí kọnkéré bá wá sán níbi tí bóòtì ti wọlé, wọ́n á ní kọnkéré ni ò dáa. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé gígùn ò yí ìfúnpọ̀ yẹn padà: ọ̀pá mítà 1 àti ti mítà 100 ń jẹ ìyà kan náà bí ìgbóná wọn bá fi iye kan náà lé sí i. Èyí tó gùn kàn ń yára tẹ̀ ni.

Òtútù náà ń kọ́? Irin tí a dè nígbà tó gbóná máa fẹ́ súnkì lálẹ́, á wá máa fa ibi tí a dè é mọ́. Ibẹ̀ ni bóòtì ti ń já, tí ojú ibi tí wẹ́dà jó sì ń là.

Ẹnì kan lè ní ṣebí wọ́n ń jó ojú irin rélùwéè pọ̀ lóde òní láìsí àlàfo. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe pé wọ́n gbójú fo ooru. Wọ́n ti yan ìwọ̀n ìgbóná kan tí irin gbọ́dọ̀ wà láìsí títì, láìsí fífà. Ní Bìrìtéènì, dígírì 27 ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ òtútù ni wọ́n ń tò ó, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fà á dé bó ṣe máa gùn tó ní dígírì 27, kí wọ́n tó jó o pọ̀. Àwọn ìdábùú tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tó yí wọn ká ló wá ń dì í mú kó má bàa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, bí ooru bá mú jù, wọ́n máa ń ní kí ọkọ̀ dín eré kù, torí ojú irin lè wá rí kọ́lọkọ̀lọ.

Níbi tí kò bá sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, ohun tó dáa ni kí irin ráyè. Afárá onírin sábà máa ń ní ìpẹ̀kun kan tí wọ́n dè, àti èkejì tó lè sún síwá sẹ́yìn. Páìpù gígùn tó ń gbé omi gbígbóná máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó padà sójú ọ̀nà rẹ̀, kí apá tó yà yẹn lè máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún irin kékeré lára ilé, ihò gígùn dípò ihò róbótó fún bóòtì ní ìpẹ̀kun kan ti tó lọ́pọ̀ ìgbà, bí wọn ò bá ṣáà ti fún bóòtì yẹn pa.