Ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Imáàmù Máálíkì ṣe sọ ọ́?

Ìlànà Máálíkì làwọn bàbá wa fi ń kírun nílẹ̀ Yorùbá, ìdí nìyẹn tí gbólóhùn kan fi yá lẹ́nu àwọn àfáà oníwáàsí wa. Wọ́n ní Imáàmù Máálíkì ló sọ ọ́ nípa istiwa, ìyẹn gígúnwà Ọlọ́hun sórí Ìtẹ́-Ọlá: "Al-istiwa ma'lum, wal-kayfu majhul." Istiwa jẹ́ ohun tí a mọ̀, bó ṣe rí ni a kò mọ̀. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́hun wà lókè Ìtẹ́-Ọlá ní ti gidi ń fi jẹ́rìí. Ẹni tó ní ká fi ìtumọ̀ ẹsẹ Kùránì tó sọ ọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́hun náà ń fi jẹ́rìí. Àwọn méjèèjì sì gbà pé bó ṣe jáde lẹ́nu Imáàmù gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn yìí kò sí nínú Muwatta, ìwé tí Imáàmù fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ la ti gbọ́ ọ, ẹnu wọn kò sì ṣọ̀kan. Al-Bayhaqi, onímọ̀ hadíìsì tó kú ní 1066, gba ju ẹ̀gbàwá kan lọ sílẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan gbọ́ tó sì sọ fún ẹlòmíràn. Nínú ti Yahya ibn Yahya, ọkùnrin kan wá bi Imáàmù pé báwo ni istiwa inú Sùúrà Tọ́ọ̀há ṣe rí. Imáàmù dorí kodò títí òógùn fi bò ó. Nígbà tó gbórí sókè, ó ní istiwa kì í ṣe ohun àìmọ̀, "báwo" kò ṣeé fi làákàyè gbé, gbígbà á gbọ́ di dandan, bíbéèrè nípa rẹ̀ jẹ́ àdádáálẹ̀. Ló bá ní kí wọ́n mú ọkùnrin náà jáde. Nínú ti Abdullah ibn Wahb ará Íjíbítì, èsì náà yàtọ̀: bí Ọlọ́hun ṣe ròyìn ara Rẹ̀ ló rí, a kì í bi Í ní "báwo", "báwo" ti kúrò lọ́rọ̀ Rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ o. Bí mo bá ní n kò mọ bí nǹkan ṣe rí, ó jọ pé mo ti gbà pé ó ní bó ṣe rí. Bí mo bá ní "báwo" kò kàn án rárá, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo sọ. Orí kókó yìí gan-an ni ìjà wà, òun sì ni ẹni tó ń ka gbólóhùn náà láìdárúkọ ẹni tó gbà á wá máa ń fò kọjá.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu tún wà lórúkọ Rabi'a, olùkọ́ Máálíkì. Wọ́n tilẹ̀ gbé e lé Umm Salama, ìyàwó Ànábì, lórí. Ibn Taymiyya, onímọ̀ tó gbà pé Ọlọ́hun wà lókè Ìtẹ́-Ọlá ní ti gidi, tí gbólóhùn náà sì wúlò fún jù, sọ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀gbàwá ti Umm Salama kò ṣeé gbára lé. Ó wù mí kí àwọn tó ń tẹ̀ lé e lónìí ṣe bíi tirẹ̀.

Ọwọ́ àwọn alátakò rẹ̀ náà kò mọ́. Hadíìsì pé Olúwa wa ń sọ̀ kalẹ̀ lóru wà nínú Muwatta, wọ́n wá ní Máálíkì ṣàlàyé pé àṣẹ Rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀. Habib, akọ̀wé Imáàmù, lórúkọ rẹ̀ hàn jù lára àwọn tó gbé ìyẹn wá, òpùrọ́ sì làwọn onímọ̀ hadíìsì pè é.

Ọdún 795 ni Máálíkì kú ní Mọdínà. Al-Ash'ari, tí ọ̀pọ̀ àwọn alátakò Ibn Taymiyya ń tẹ̀ lé, kú ní 936, Ibn Taymiyya ní 1328. Ẹgbẹ́ tí kálukú fẹ́ fi Imáàmù sí kò tíì sí láyé nígbà tó ń lé ọkùnrin yẹn jáde.