Àṣá ló kọ́ spaniel níṣẹ́ kí ìbọn tó dé

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́ ajá ọdẹ ní Britain gbà pé ìbọn ló bí spaniel, ajá ọdẹ kékeré onírun gígùn. Ajá ìbọn ni wọ́n ń pè é, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Èmi ò gbà. Nígbà tí ìbọn wọ igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu iṣẹ́ ló ti bá ajá yìí, iṣẹ́ tí àṣá àti àwọ̀n ti kọ́ ọ láti ayébáyé. Ohun tí oníbọn ṣe kò ju pé ó gba ajá lọ́wọ́ ẹni tó ń fi àṣá dẹ ẹyẹ.

Ẹ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ná. Ọdẹ tí wọ́n ń pè ní rough shooting kì í ṣe ti àwọn ọlọ́lá tó ń dúró sójú kan kí àwọn alágbàṣe lé ẹyẹ wá bá wọn. Èèyàn méjì mẹ́ta ni, pẹ̀lú ajá kan tàbí méjì. Wọ́n á máa rìn létí oko, nínú ẹ̀gún, lẹ́bàá odò. Ohun tó bá ta jáde, ẹyẹ bíi pheasant ni o, ehoro ni o, ẹyẹ woodcock ni o, wọ́n á yìnbọn sí i bí òfin bá gbà á lásìkò náà. Ọmọ ajá spaniel, tó lè má tíì ju ọdún kan àbọ̀ lọ, ni yóò wà níwájú, tí yóò máa sáré lọ sọ́tùn-ún, tí á ṣẹ́rí sósì, ní nǹkan bí ogún ìgbésẹ̀ sí olówó rẹ̀. Bí ẹyẹ bá fò pìrì, ajá gbọ́dọ̀ jókòó lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ lé e. Ìbọn á dún, ẹyẹ á já lulẹ̀, ajá ò ní í mira títí wọn yóò fi rán an lọ gbé e wá, kó sì gbé e wá láìfi eyín rún un. Ajá ọdẹ tiwa nílé máa wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò rò pé orí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò pé. Tiwa, kó lé ẹran kó sì gbá a mú ni.

Ta wá ló kọ́kọ́ nílò ajá tó ń rí ẹyẹ tí kì í lé e? Oníbọn àkọ́kọ́ kọ́. Ìbọn wọn wúwo, okùn tó ń jó ni wọ́n fi ń tan ẹ̀tù, ẹyẹ tó bà sílẹ̀ ni wọ́n sì ń yọ́ lọ bá. Ajá tó bá ta ẹyẹ náà jí ba iṣẹ́ wọn jẹ́ ni.

Ẹlẹ́rìí tèmi ni Gaston, olórí ilẹ̀ Foix ní gúúsù France, tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Phébus. Ní 1387 ló bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá kan lórí ọdẹ. Ẹsẹ̀ òkè Pyrenees ni ilẹ̀ rẹ̀ wà, ó kù fẹ́ẹ́rẹ́ kó wọ Spain, nítorí náà bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní Spain ni irú ajá yìí ti wá, mi ò rí ìdí tí a ó fi jiyàn sí i. Ó ní wọ́n fẹ́ràn olówó wọn, wọn kì í sọ ọ́ nù láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n ń sáré sí, tí ìrù wọn ń mì, tí wọ́n ń ta ẹyẹ àti ẹranko dìde, ṣùgbọ́n àparò gan-an niṣẹ́ wọn. Ó ní wọ́n dára fún ẹni tó ní goshawk tàbí àṣá mìíràn, wọ́n dára fún àwọ̀n bí wọ́n bá kọ́ wọn láti lúgọ, wọ́n sì dára létí odò bí wọ́n bá kọ́ wọn láti lúwẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn ìyìn yẹn ló wá da ẹ̀gàn bò wọ́n. Aláriwo ni wọ́n, oníjà ni wọ́n, bí wọ́n bá rí àgùntàn, màlúù tàbí pẹ́pẹ́yẹ ńlá, wọ́n á gbá tẹ̀ lé e, wọ́n á sì kó èèràn ran àwọn ajá gidi. Ó ní ká ní òun kò ní àṣá, tí òun kò ní àwọ̀n, òun kò ní í tọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká dúró níbi ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Àwọ̀n àti àṣá nìkan ló mú kí ọkùnrin yìí fara da spaniel. Kò dárúkọ ìbọn. Edward, Duke of York, tó wá kú lójú ogun Agincourt ní 1415, ló túmọ̀ apá tó pọ̀ jù nínú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun náà kò sì fi ìbọn kún un.

Báwo wá ni àṣá ṣe lè kọ́ ajá? Orí ọwọ́ olówó rẹ̀ ni goshawk ti ń gbéra. Eré rẹ̀ le ṣùgbọ́n kì í pẹ́, bí ẹyẹ bá fò jáde ní ọ̀ọ́kán réré, kò ní í bá a. Ajá tó jìnnà kò wúlò fún un, ohun tó sì fà á tí spaniel fi ń ṣiṣẹ́ nítòsí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa ibi tí ọta lè dé. Peregrine, irú àṣá mìíràn, ní tirẹ̀, òkè ló ń rà bàbà sí, tó ń retí kí ajá lé àparò sókè. Bí ajá bá kánjú kí àṣá tó dé ipò, eré ọjọ́ náà bàjẹ́. Nígbà tí àṣá bá sì mú ẹran, ilẹ̀ ni yóò bà sí, ajá tó bá ń lé e bọ̀ lè fò mọ́ ẹyẹ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù tọ́. Ti àwọ̀n tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ajá bá gbóòórùn àparò, ó ní láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn èèyàn á wá fa àwọ̀n kọjá lórí ajá àti ẹyẹ pa pọ̀. Ajá tó bá fẹsẹ̀ kan síwájú ti lé oúnjẹ alẹ́ lọ.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Spain, mo ní ìfura tèmi. Ọdún 711 ni àwọn Mùsùlùmí láti Àríwá Áfíríkà wọ ibẹ̀, àwọn Lárúbáwá sì ti mọ fífi àṣá dẹ ẹyẹ dunjú. Mo rò pé ààfin àwọn ọba Andalusia ni wọ́n ti kọ́kọ́ so ajá kékeré onírun gígùn pọ̀ mọ́ àṣá, kí àṣà náà tó gun òkè Pyrenees kọjá sọ́dọ̀ àwọn bíi Phébus. Ilẹ̀ Spain gbẹ, igbó kúkúrú ibẹ̀ kún fún àparò àti ehoro, irú ibi tí àṣá lásán kò ti lè rí nǹkan tó sá pamọ́. Kò sí ìwé tí mo lè nà síta láti fi gbè é, ṣùgbọ́n ó bá ilẹ̀ mu, ó sì bá ìgbà mu.

Àwọn ará Wales ní tiwọn ń sọ pé òfin Hywel Dda, ọba wọn ní ọ̀rúndún kẹwàá, ti dárúkọ spaniel. Ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ wa, ọ̀rúndún kẹtàlá ni èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, colwyn ló sì wà nínú rẹ̀, tó jọ ajá kékeré inú ilé ju ajá oko lọ. Ti àwọn tó ń fà á dé ọ̀dọ̀ Julius Caesar, mi ò ní ráyè rẹ̀.

Ní 1570, John Caius, oníṣègùn ọba tí orúkọ rẹ̀ wà lára kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Cambridge títí dòní, kọ̀wé lédè Látìn lórí àwọn ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pín spaniel sí ti orí ilẹ̀ àti ti inú omi. Ẹ̀gbẹ́ àṣá àti àwọ̀n ló to ti orí ilẹ̀ sí, ó sì ṣàpèjúwe ajá alàwọ̀n tó ń fàyà fà bí aràn. Ó ní funfun tó ní àmì pupa ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí àwọn ará Wales tún gbá mú pé ajá àwọn nìyẹn! Ọ̀gbẹ́ni náà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbọn kì í ṣe àjèjì nígbà náà, torí òfin kan ti jáde ní 1548 tó ń ka yíyin ọta wẹ́wẹ́ léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí Charles Kejì padà sórí ìtẹ́ ní 1660, tí àwọn ìjòyè rẹ̀ kó àṣà yíyìnbọn sí ẹyẹ tó ń fò bọ̀ láti France, tí ìbọn olókùúta iná sì fúyẹ́ díẹ̀, ni oníbọn wá nílò ẹni tí yóò bá a lé ẹyẹ sókè nítòsí. Ajá tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ohun tí mo gbà pé ìbọn fi kún un ni pé kí ajá máà bẹ̀rù ariwo, kó sì wá ẹyẹ tó fara gbọta, kó gbé e wá, nítorí àṣá máa ń di tirẹ̀ mú fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ajá lónìí ṣì fara jọ ti ìgbà náà. Ìjókòó ló kọ́kọ́ ń kọ́, fèrè tí a fọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dá a dúró, bó bá ṣe iyè méjì sí i, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ajá tó máa sọnù nìyẹn. Wọ́n á mú un wọ ọgbà tí ehoro wà kó lè rí wọn sáré kọjá láìmira. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá jáde pẹ̀lú ìbọn, ẹni tó ń darí rẹ̀ kì í gbé ìbọn dání, ẹlòmíràn ló ń yìn ín, kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lára ajá. Ẹyẹ díẹ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ ajá rere ló bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó àpò kún lọ́jọ́ kan.

Ìyókù kò gùn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ya cocker sọ́tọ̀ kúrò lára springer, irú spaniel méjì, èyí tí kò bá tó pọ́n-ùn 25 ń jẹ́ cocker, ọmọ ìyá kan náà sì lè pín sí méjì. Wọ́n dá Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ irú ajá sílẹ̀ ní Britain, sílẹ̀ ní 1873. Ìdíje oko àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń dán iṣẹ́ ajá wò, wáyé fún spaniel ní Sutton Scarsdale ní Derbyshire ní 1899, lórí ilẹ̀ William Arkwright. Ní 1902 ẹgbẹ́ náà gba springer ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Wales gẹ́gẹ́ bí irú ajá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdíje sì dé Fishers Island ní New York ní 1924. Àìsàn myxomatosis pa ehoro Britain lọ rẹpẹtẹ láti 1953, ó sì kù díẹ̀ kó pa ọdẹ yìí pọ̀ mọ́ wọn. Gígé ìrù ajá di èèwọ̀ ní 2007, àyàfi ti ajá tó ń ṣiṣẹ́ ní England àti Wales. Scotland kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ títí di 2017, kó tó gbà kí dókítà ẹranko gé ìdá kan nínú mẹ́ta ìrù ọmọ spaniel tí kò tíì ju ọjọ́ márùn-ún lọ.

Àwọn tó sì ń fi goshawk dẹ ehoro àti pheasant ní Britain lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́ spaniel oníbọn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ra ọmọ ajá. Wọn kì í tún un kọ́ níṣẹ́ mìíràn, wọ́n kàn ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹyẹ orí ọwọ́ kì í ṣe ẹran.