Àìsàn tó dá Madonna dùbúlẹ̀ lójijì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìròyìn jáde pé Madonna, gbajúgbajà olórin Amẹ́ríkà nì, ti bá ara rẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe nílé ìwòsàn. Ìmúrasílẹ̀ fún ìrìnàjò orin ńlá ló wà lẹ́nu rẹ̀ kí àìsàn náà tó dé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹnu ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà: àwọn kan ń gbàdúrà, àwọn kan ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, àwọn kan ti mọ ohun tó ṣe é ju dókítà lọ. Ìbéèrè táwọn ènìyàn ń bi ara wọn nígbà náà ni mo kó jọ síbí, torí pé wọ́n tún máa ń jáde nígbàkígbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí gbajúmọ̀ mìíràn.

Kí ló ṣe Madonna gan-an?

Máníjà rẹ̀, Guy Oseary, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹfà, ó kọ ọ́ sórí Instagram pé láti Sátidé, ọjọ́ 24, ni kòkòrò bakitéríà kan ti kọ lu Madonna, ó sì le débi pé ọjọ́ mélòó kan ló fi wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Ó ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá gbogbo iṣẹ́ dúró, títí kan ìrìnàjò orin tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní Vancouver, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́jọ́ 15 oṣù Keje. Ẹni ọdún 64 ni Madonna nígbà náà. Lọ́jọ́ 10 oṣù Keje, òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sáwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí òun lajú nílé ìwòsàn, àwọn ọmọ òun ni òun kọ́kọ́ rò.

Báwo lẹni tó ń jó lánàá ṣe wá ń bá ikú jà lónìí?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó, òun ló sì yẹ ká fara balẹ̀ gbọ́.

Bakitéríà kì í ṣe àlejò nínú ara wa. Wọ́n wà lára awọ, wọ́n wà lẹ́nu, wọ́n wà nínú ìfun, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan. Wàhálà dé nígbà tí ọ̀kan bá rí ọ̀nà gba ibi tí kò yẹ kó dé: ojú ọgbẹ́, ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà ìtọ̀, eyín tó ti jẹrà. Kòkòrò náà á máa bí sí i. Nínú wọn, a rí èyí tó jẹ́ pé bí ààyè bá gbà á, láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọ̀kan á di méjì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kòkòrò nìkan ló ń pa ènìyàn. Ara wa ní ọmọ ogun tirẹ̀, tó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ tí ìjà náà kọjá ààlà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara rẹ̀ jẹ́, bí ẹni tó fi iná lé eku nínú ahéré tí ahéré fi jóná. Iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa jò, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ní í dé ibi tó yẹ kó dé. Kíndìnrín á dákẹ́ iṣẹ́, èémí á le, ọpọlọ á máa dàrú. Sepsis ni àwọn dókítà ń pe èyí. Ìkéde Oseary kò dárúkọ sepsis, nítorí náà ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé òun ló ṣe Madonna. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà tí àkóràn bakitéríà sábà máa ń gbà gbé ènìyàn dé yàrá ìtọ́jú àkànṣe nìyẹn, wákàtí la sì fi ń kà á, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Ẹ wo Jim Henson, ará Amẹ́ríkà tó dá àwọn ọmọláńgidi Muppets sílẹ̀, táwọn ọmọdé kárí ayé mọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1990, ọ̀nà ọ̀fun ń dùn ún, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Kò kà á sí. Ìdájí ọjọ́ 15 ló tó dé ilé ìwòsàn ní New York, nígbà tí kò lè mí dáadáa mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 16 tó mọ́, ó ti kú, lẹ́ni ọdún 53. Bakitéríà tó ń jẹ́ Streptococcus pyogenes ló pa á, èyí kan náà tó máa ń fa ọ̀fun dídùn lásán fún ọ̀pọ̀ ọmọdé. Owó kò wọ́n Henson, ilé ìwòsàn kò sì jìnnà sí i. Àkókò ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣé abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà kọ́ ló fà á?

Rárá. Kò sí bakitéríà kankan nínú abẹ́rẹ́ náà, kò sì sí ẹ̀rí kankan tó so méjèèjì pọ̀.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo rí i. Ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹnu ti wà lára obìnrin yìí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún kan náà, ó jáde níbi ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ orin Grammy ní Los Angeles, ojú rẹ̀ làwọn ènìyàn sì ń sọ kiri dípò ọ̀rọ̀ tó wá sọ. Ó fèsì nígbà náà pé ayé kò fẹ́ rí obìnrin tó ti lé ní ọdún márùnlélógójì kó ṣì máa ṣe tirẹ̀. Nígbà tí àìsàn wá dé ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu tó ti là sílẹ̀ kò pa dé. Wọ́n ní kò gbà pé òun ti dàgbà, wọ́n ní ijó àgbàlagbà ló dá a dùbúlẹ̀.

Ní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún Mick Jagger, olórin ọkùnrin ẹni ọdún 75, tí wọ́n sún ìrìnàjò orin ẹgbẹ́ rẹ̀, Rolling Stones, síwájú, ìdùnnú ló gba ẹnu ènìyàn nígbà tó gbé fídíò ara rẹ̀ jáde níbi tó ti ń jó. Àgbà ọkùnrin jó, wọ́n ní akọni ni. Àgbà obìnrin jó, wọ́n ní kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Òótọ́ ni pé àkóràn máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọjọ́ orí bá ti lọ. Ọjọ́ orí ló ń ṣe ìyẹn. Kò sí ẹni tí ijó fi bakitéríà sí lára.

Kí ló dé tí àhesọ fi máa ń yára ju òótọ́ lọ nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí?

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí àìsàn náà le ni ìkéde jáde. Ìkéde ọ̀hún kò sì dárúkọ kòkòrò náà, kò sọ ibi tó gbà wọlé. Ibi tí onílé kò bá ti sọ̀rọ̀, ará àdúgbò á bá a sọ ọ́, ìròyìn òkèèrè, bí kò lé, á dín.

Bákan náà lọmọ ṣorí nílẹ̀ wa. Ẹni tí ara rẹ̀ le lánàá bá ṣubú lónìí, ohun tá a kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997 ni Fela Aníkúlápó-Kútì jáde láyé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí wọ́n ti ṣe mínísítà ìlera rí, dúró níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé àrùn éèdì ló fa ikú náà. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Fela kò gbà. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba ológun ni. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn ṣí ọ̀pọ̀ ènìyàn létí, torí àrùn táwọn ènìyàn ń fi bò ni wọ́n dárúkọ, lórí àbúrò tiwọn, kí òkú rẹ̀ tó wọlẹ̀. Mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn títí dòní.

Ṣé dandan ni kí gbajúmọ̀ sọ àìsàn rẹ̀ fún wa, nígbà náà?

Kì í ṣe dandan. Àṣírí aláìsàn ni, olówó ni o, tálákà ni o. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ara Madonna padà yá?

Ó yá. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò náà ní O2 Arena ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí ìtàgé ló ti sọ pé òun kò rò pé òun á yè é, pé ọjọ́ márùn-ún wà tí òun kò rántí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó parí rẹ̀ ní etíkun Copacabana, ní Rio de Janeiro, lójú èrò tí wọ́n ṣírò sí mílíọ̀nù 1.6. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn mìíràn á ti ilé ìwòsàn dé, àárẹ̀ àti ìgbàgbé á sì máa bá wọn fún oṣù púpọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá jẹ́ ẹni tèmi ni sepsis ń ṣe?

Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2020 ṣírò pé ní ọdún 2017 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.9 ènìyàn ló ní sepsis lágbàáyé, mílíọ̀nù 11 sì kú. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, bíi tiwa, ló gba ìpín tó pọ̀ jù.

Ohun tó ń ṣe wá ni pé gbogbo ara gbígbóná là ń pè ní ibà. A ó lọ sí kẹ́mísítì, wọn á ka kápúsù mẹ́rin sínú ọ̀rá kékeré, a ó lò ó, ara á fúyẹ́ díẹ̀, a ó pa á tì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹni náà ò lè dìde mọ́.

Ẹ wo bó ṣe ń mí: ṣé ó ń mí hẹlẹhẹlẹ láìjẹ́ pé ó sáré? Ẹ bá a sọ̀rọ̀: ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, àbí oorun tí kò ṣeé jí ló ń kùn ún? Ẹ bi í ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Ara lè gbóná janjan, ó sì lè tutù nini, èyí tó tutù kò dáa ju èyí tó gbóná lọ. Àwọ̀ dúdú wa kì í tètè fi àmì hàn, nítorí náà àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, ètè àti ahọ́n ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò bóyá wọ́n ti ṣì tàbí wọ́n ti ń dúdú bí aró. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀. Bí ẹ bá ka ení, èjì, ẹ̀ta, tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì padà síbẹ̀, ẹ má dúró de àárọ̀. Ọmọ ọwọ́, abiyamọ tuntun, àgbàlagbà, onítọ̀ ṣúgà àti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, àwọn wọ̀nyí gan-an ni kẹ́ ẹ tètè gbé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láti fi wá kòkòrò náà, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì gba iṣan fún un ní oògùn apakòkòrò. Bí ìfúnpá rẹ̀ bá ti já wálẹ̀, láàárín wákàtí kan ló yẹ kí oògùn náà wọlé. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó ti lò dání, kẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ àgbo náà láìfi pamọ́. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jókòó dúró de káàdì, ẹ dìde lọ bá nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe sepsis lèyí?"