Ìfìtẹ́sílẹ̀: ẹsẹ̀ ni ọmọ ẹyẹlé kọ́kọ́ ń lò

Bí ọmọ ẹyẹlé bá jáde nínú àpótí tí wọ́n pa á sí, tí kò padà síbẹ̀ mọ́, ó ti fi ìtẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Òyìnbó ń pè é ní fledging. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ tó bá fò ni. Rárá o. Ẹsẹ̀ ló ń gbé e jáde, ìyẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bọ̀ọ̀dá mi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìbarà, l'Ábẹ́òkúta. Ó gun orí àga, ó ju ọmọ ẹyẹlé wa kan sókè kó lè mọ fífò. Orí páànù ilé kejì ló já sí, lọ́sàn-án gangan. Bí a ṣe ń gbé àkàbà bọ̀ ni àwòdì já wálẹ̀ tó gbé e lọ. Màmá wa kò bá bọ̀ọ̀dá sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọmọ náà sábà máa ń tó jáde ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ má ka ọjọ́ nìkan ṣá. Ẹ gbé apá rẹ̀ sókè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí awọ ibẹ̀ bá ṣì wà níhòòhò, tí irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ṣì ta gìrìgìrì ní àtàrí ọmọ náà bí irun bàbá arúgbó, ẹ fi í sílẹ̀ nínú àpótí rẹ̀.

Bó bá ti jáde, orí ilẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà. Ẹ gbé omi sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ẹ da ọkà bàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan, kó má kan ihò imú: ẹyẹlé kì í gbórí sókè mumi bí adìyẹ, ńṣe ló ń fà á bí ẹni ń fi sítúrọ́ọ̀ mu mínírà. Ẹ fi pákó dá igun kan sí fún un, torí bó bá ṣìnà dé ìdí àpótí ẹlòmíràn, akọ ibẹ̀ á ṣá a lórí títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ.

Ó ti jáde lóòótọ́, àmọ́ kò tíì já lẹ́nu ọmú, ká kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Á ṣì máa sáré tọ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, á máa han, á máa gbọn apá, kí bàbá pọ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Bàbá ni mo wí; ìyá lè ti máa sàba lórí ẹyin mìíràn. Nítorí náà, ẹ má gbé akọ yẹn lọ tà lọ́jà Kútọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Nírọ̀lẹ́, ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ọ̀fun ọmọ náà jẹ́jẹ́. Bí ọwọ́ yín bá ba ọkà lábẹ́ awọ, ó ti jẹun. Bó bá rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ fi àgbàdo tí ẹ rẹ sómi bọ́ ọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ tó ṣú.